Ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ l'Ékòó ní December láti Manchester, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un

Àǹtí Ẹgbẹ́dá

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta l'Ékòó ní December yìí, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ òyìnbó, ọmọ ogún ọdún làwọn méjèèjì. Manchester ni wọ́n bí i sí, Èkó tó mọ̀ ò ju èyí tó ń rí lórí Instagram lọ. Ọ̀dọ̀ mi ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀ sí, tó bá yá wọ́n á kọjá sí ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ ní Lẹ́kí torí wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo páàtì wà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ òyìnbó ti lọ rí dókítà, ó ti gba abẹ́rẹ́, ó ti ra oògùn ibà, àmọ́ ọmọ tiwa ò ṣe nǹkan kan. Mo bi í, ó ní "Àǹtí, ṣebí ilé ni mò ń bọ̀, Mọ́mì ò lo nǹkan kan nígbà tí wọ́n wá sìnkú Grandma." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ mọ̀, ti ìlera ti ààbò, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ kí n fi ránṣẹ́ sí i, torí tó bá jẹ́ èmi nìkan ló sọ ọ́ á ní àwọn àgbà kàn ń dẹ́rù ba òun ni.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Àǹtí, ẹ kú àníyàn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London níbí, ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ gan-an ló ń gbé àwọn èèyàn wa dé wọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá wo àwọn tó ń kó ibà ẹ̀fọn wọ UK lọ́dọọdún, àwọn tó lọ kí ẹbí nílé ní Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe òyìnbó tó lọ gbafẹ́. Òyìnbó mọ̀ pé àlejò lòun, ó lo oògùn, tiwa ní ilé lòun ń lọ, kò lo nǹkan kan.

Bó ṣe rí nìyí. Agbára tí ara àgbàlagbà tó ń gbé Nàìjíríà fi ń gba ibà mọ́ra, ẹ̀fọn tó ń jẹ ẹ́ ṣáá lọ́dọọdún ló ń mú kó dúró síbẹ̀, téèyàn bá ti kúrò nílé fún ọdún mélòó kan ó máa ń dín kù. Èmi tí wọ́n bí ní Òṣogbo, mo máa ń lo oògùn kí n tó wá sílé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester ò tiẹ̀ ní in rí, jíjẹ́ ọmọ Yorùbá ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Tí jínótáìpù ẹ̀ bá jẹ́ AS kó má gbójú lé e. Tó bá sì jẹ́ SS, kó má wọkọ̀ òfuurufú láì bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ibà lára ẹni tó ní sickle cell kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Irú ibà tó pọ̀ jù nílé wa, falciparum, òun ló ń pààyàn jù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè kọjá lára gbígbóná lọ sí ọpọlọ tàbí kíndìnrín.

Oògùn tí wọ́n máa ń fún èèyàn níbí, mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Atovaquone-proguanil, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Malarone, á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì kó tó gbéra, ẹyọ kan lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, á lò ó títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá ti padà. Doxycycline náà, ojoojúmọ́ ni, ó dínwó, àmọ́ á lò ó dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn àbọ̀, oòrùn sì máa ń tètè jó awọ ẹni tó bá ń lò ó, ẹni tó fẹ́ sùn sórí yanrìn ní bíìṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mefloquine, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti ní wárápá tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Dókítà tàbí apòògùn ló máa yàn fún un.

Ibi tí wọ́n ti ń kùnà jù ni ìparí ẹ̀. Wọ́n á padà dé, ara á yá, wọ́n á ju èyí tó kù nù. Ẹ jọ̀ọ́ kó lò ó tán, kòkòrò ibà máa ń fara pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ara ẹ̀ bá sì gbóná nígbàkígbà lẹ́yìn tó padà, ì báà jẹ́ ní March, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni pé "Nàìjíríà ni mo ti dé, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún malaria." Dókítà míì á rò pé flu ni, á ní kó lọ mu Paracetamol.

Bàbá Ìlúpéjú

Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ṣé agbo dongoyárò ò lè ṣe é? Bàbá mi l'Ábẹ́òkúta mu ún títí wọ́n fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, ibà ò dá wọn gúnlẹ̀.

Kẹ́mìsì Yábà

Ẹ̀gbọ́n, ewé kọ́ ni mò ń bá jà o. Artemisinin tí à ń fi wo ibà kárí ayé báyìí, inú ewé kan ní Ṣáínà ni wọ́n ti yọ ọ́, obìnrin tó ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú agbo tó wà nínú ìgò ni pé kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó àti ohun tí wọ́n tún dà mọ́ ọn. Bàbá yín ẹ̀wẹ̀, láti kékeré ni ara wọn ti ń bá ibà wọ̀ ọ́, ẹ má fi wọ́n wé ọmọ tí ẹ̀fọn Èkó ò jẹ rí. Oògùn Sunday-Sunday tí àwọn ìyá wa fi ń dáàbò bò wá náà, kó má wá a kiri, kòkòrò ibà ti mọ̀ ọ́n tán. Chloroquine bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ti yọ ọ́ kúrò nípò àkọ́kọ́ láti 2005.

Yẹ́lò fífà: kó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé, kó sì mú káàdì yẹ́lò dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Láti 2016 wọ́n ti gbà á kárí ayé pé ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé, tó bá ti gbà á rí kó kàn wá káàdì ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a ra káàdì láì gba abẹ́rẹ́, torí àìsàn yẹn ò ní oògùn tó ń pa á, abẹ́rẹ́ yẹn nìkan la ní. Kó béèrè ti táífọ́ọ̀dù àti hepatitis A lẹ́ẹ̀kan náà, kó wò ó bóyá tẹ́tánọ́ọ̀sì ẹ̀ ti pẹ́.

Tí ara ẹ̀ bá gbóná nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má sáré lọ ra oògùn ibà. Àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀jẹ̀ kín-ńkín lórí ìka, láàárín ogún ìṣẹ́jú èsì ti jáde. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ kẹta tó dé lara gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan míì, ibà ẹ̀fọn kì í sábà jáde kó tó tó ọjọ́ méje tí ẹ̀fọn jẹ èèyàn. Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, artemether-lumefantrine ti àgbàlagbà, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 20/120 sí lára, ẹyọ mẹ́rin láàárọ̀ mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí mẹ́jọ ló máa wà láàárín ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, kó jẹ nǹkan tó ní òróró díẹ̀ sí i kó lè ṣiṣẹ́, kó má dá a dúró lọ́jọ́ kejì torí pé ara ti fúyẹ́. Tó bá ń bì í jáde, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tàbí funfun ojú ẹ̀ di yẹ́lò, ọsibítù ni o, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "malaria plus typhoid" tí gbogbo láàbù ń kọ síwèé. Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti fi dájú pé táífọ́ọ̀dù ni, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ gan-an lè jáde ní pọ́sítíìfù. Ẹ má gbà kí wọ́n fa dírípù sí i lára torí pé "ó rẹ̀ ẹ́". Tí wọ́n bá sì máa gún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n já ọ̀rá sírínjì níṣojú ẹ̀.

Kó mú oògùn tó bá ń lò tẹ́lẹ̀ wá láti ibẹ̀, pàápàá tó bá ní asthma. Àtìgbà tí GSK ti ní àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà ní 2023 ni owó ìnhélà ti fò sókè, December sì ni ọyẹ́ ń dé, eruku á gba gbogbo ìlú. Oògùn tó bá rà níbí, ilé oògùn tó ní apòògùn ni kó ti rà á, kó wo nọ́ńbà NAFDAC, èyí tó bá ní ibi tí wọ́n ń ha kó ha á kó fi kóòdù ẹ̀ ránṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń wàásù nínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Agége

Kẹ́mìsì ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Mo kàn fẹ́ fi ti ẹ̀fọn kún un: èyí tó ń gbé ibà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jẹ èèyàn, ìgbà yẹn gan-an làwọn ọmọ yìí máa wà níta lórí kóńsáàtì pẹ̀lú aṣọ péńpé. Kí wọ́n mú ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, DEET 50%, wá, èyí tí à ń tà níbí kì í le tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ra ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn. Fáànù náà ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi Sniper fín yàrá tí wọ́n máa sùn sí! Oògùn oko ni Sniper, kò yẹ nínú ilé, ní 2019 NAFDAC tiẹ̀ ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú ilé àlejò ṣì ń lò ó. Tí wọ́n bá wọ yàrá tí òórùn ẹ̀ gba imú, kí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá fún wọn.

Awakọ̀ Ìkejà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà torí mọ́tò ni mò ń wà lórí áàpù, èrò òkè òkun ni mò ń gbé jù ní December. Tí wọ́n bá jáde ní Murtala Muhammed, àwọn kan á sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní "sista welcome, taxi?" Kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti wà níta, kí wọ́n má fọwọ́ kúrò lára báàgì. Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín tàbí ẹni tí wọ́n mọ ojú ẹ̀ ni kó lọ gbé wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òru ni wọ́n bá dé, kí wọ́n sùn sí Ìkejà tàbí lọ́dọ̀ yín, ìrìn láti pápákọ̀ lọ sí Lẹ́kí láàjìn ò pọn dandan.

Tí wọ́n bá ń pe mọ́tò lórí áàpù, nọ́ńbà ara mọ́tò ni kí wọ́n fi ojú wò, kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀ nìkan. Kí wọ́n bi awakọ̀ pé "ta lẹ wá gbé?", kó fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ, kí wọ́n má bá a dárúkọ ọ̀hún. Awakọ̀ tó bá ní kí wọ́n fagi lé e lórí áàpù kí wọ́n sanwó fún òun lọ́wọ́, kí wọ́n má gbà, kì í ṣe pé olè ni gbogbo ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan pé mọ́tò yẹn ló gbé wọn. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi bẹ́líìtì, ẹ̀yìn náà ní bẹ́líìtì. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn torí àlejò ń bẹ̀rù ajínigbé, wọn ò bẹ̀rù eré àsápajúdé tí a ń sá ní Lẹ́kí-Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ìjàǹbá mọ́tò ló súnmọ́ wọn jù. Awakọ̀ tó bá ń sáré, kí wọ́n sọ fún un. Tí kò bá gbọ́, kí wọ́n sọ̀ níbi tí iná àti èrò bá wà.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ká wíńdò sókè, ẹ ti ilẹ̀kùn, fóònù ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Third Mainland Bridge gùn tó kìlómítà 11.8, tí mọ́tò bá dúró gbagidi lórí ẹ̀ lálẹ́ àwọn kan lè fẹsẹ̀ rìn wá. Dánfó, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní páàkì, lójúmọmọ, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀nà. Èyí tó bá dúró lójú ọ̀nà lásán, tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀, tó sì ń pe ibi tí wọ́n ń lọ gan-an, wáàn ṣáǹsì ló ń jọ, ìyẹn mọ́tò àwọn olè tó ń ṣe bí ọkọ̀ èrò, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Tọ́wọ́ olè bá wá tẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gbé fóònù fún wọn, kí wọ́n gbé owó fún wọn, kí wọ́n má tẹjú mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kadà ńkọ́? Ìjọba ti fòfin dè é láti 1 June 2022 ní Eti-Osa, Ìkejà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá, Lẹ́kí wà nínú Eti-Osa, tí wọ́n bá mú èrò lórí ẹ̀ wàhálà ni. Ó tún ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Rélùwéè ló dáa: Blue Line ń gba Mile 2 dé Marina láti September 2023, Red Line ń gba Agbado dé Oyingbo, ó ń kọjá Ìkejà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024. Káàdì Cowry kan náà ni wọ́n máa fi wọ bọ́ọ̀sì BRT.

Ìyá Olóúnjẹ Òjúẹlẹ́gba

Ẹ̀yin ọmọ, oúnjẹ ò lè ṣe àlejò níkà tó bá ṣáà gbóná. Ọmọ yẹn á jẹ àmàlà, ẹ má dí i lọ́wọ́! Kó lọ síbi tí èrò pọ̀ sí, tí ìkòkò ń gbóná lórí iná, torí oúnjẹ ibẹ̀ kì í sùn. Èyí tí wọ́n bu sílẹ̀ láàárọ̀ tí eṣinṣin ti bà, kó fi sílẹ̀. Sáláàdì àti èso tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lójú títì, kó má jẹ ẹ́, kó ra odidi ọsàn kó bó o fúnra ẹ̀.

Omi ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ ọn létí. Omi ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n máa mu, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi fọ eyín, omi inú ike tí ìdérí ẹ̀ ṣì le ni. Píọ̀ wọ́tà, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀, kí wọ́n fọ ọ̀rá ẹ̀ kí wọ́n tó fi eyín já a, ẹ mọ ibi tí ọwọ́ tó tà á ti ń bọ̀. Yìnyín inú kọ́ọ̀bù, kí wọ́n yẹra fún un, àyàfi níbi tó bá ti dá wọn lójú. Ẹ rántí kọ́lẹ́rà June 2024 l'Ékòó, wọ́n ní ohun mímu òfíò kan tí kò ní nọ́ńbà wà lára ohun tó fà á. Èmi náà ń ta zobo, mo mọ ìmọ́tótó tí mo fi ń ṣe é, àmọ́ àlejò ò mọ ti gbogbo wa.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ORS ni kẹ́ ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílé. Tí kò bá sí, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò ga, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ẹ pò ó pọ̀ kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń yà bí omi ìrẹsì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Aṣọ́bodè Lẹ́kí

Ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì tí ẹ sọ yìí, ẹ bá mi béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ wà kí wọ́n tó wọlé. Ilé míì wà tó jẹ́ pé bákóńì tàbí ẹ̀yìn wíńdò yàrá ni wọ́n gbé e sí. Èéfín ẹ̀ ní gáàsì kan tí kì í rùn, tí ojú ò rí, kábọ̀nù mọ́nọ́sáìdì, ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ kì í mọ̀ tó fi ń kú. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ ọ pé ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú ìdílé kan nínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí wíńdò pátápátá, nínú afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni orí ń fọ́ tí òòyì sì ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé, ibà kọ́ o, kí wọ́n jáde síta kíá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn. Irinṣẹ́ kékeré kan tó ń ké tó bá gbọ́ gáàsì yẹn wà, ní UK kò wọ́n, kí wọ́n fi sínú báàgì.

Kí wọ́n má sì máa gbé fọ́tò ibi tí wọ́n wà sórí ayélujára nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá kúrò tán kí wọ́n gbé e.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Tí àwọn ọmọ àdúgbò bá dá wọn dúró nítòsí Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe wá dáadáa", kí wọ́n kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n máa rìn lọ, kí wọ́n má ṣí pọ́ọ̀sì níwájú wọn, kí wọ́n má sì bú wọn. Owó díẹ̀díẹ̀ ni kó wà nínú àpò ìta, pásípọ́ọ̀tù nílé. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò lọ́jà.

Ti òkun ló ń dùn mí jù. Òkun wa kì í ṣe òkun ìwẹ̀. Ní Elégùṣì àti Òníru, omi máa ń fa èèyàn láti abẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ń bá a lọ, lọ́dọọdún là ń pàdánù ọmọ níbẹ̀, pàápàá lásìkò ọdún. Kí wọ́n jẹ́ kí omi mọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá wá fa èèyàn, kó má bá a jà lọ sí èbúté, kó léfòó, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí fífà yẹn á fi dẹ̀ ẹ́, kó máa na ọwọ́ kó sì máa ké. Tí wọ́n bá ń lọ sí Tarkwa Bay, láìfi jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó sọ́rùn kí ọkọ̀ má gbéra, tí kò bá sí èyí tó bá wọn mu kí wọ́n dúró de ọkọ̀ míì, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sísí Sùúrùlérè

Àǹtí, ẹgbẹ́ ni mo máa jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ torí náà á gbọ́ tèmi. Àwọn méjèèjì jọ lọ, àwọn méjèèjì jọ bọ̀, kò sí "máa lọ mò ń bọ̀" ní ààjìn. Kọ́ọ̀bù tí o bá gbé kalẹ̀ tí o lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, má padà mu ún. Fi ibi tí o wà han Àǹtí lórí WhatsApp títí wàá fi délé. Ẹni tó bá pàdé yín lórí áàpù ìfẹ́ tó ní kí ẹ wá sílé òun, ẹ ní ojúmọmọ ni, níbi tí èèyàn wà, tó bá ń bínú ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Kọ́ńdọ̀mù, ẹ mú un wá láti ibẹ̀. Pawábáǹkì tó le gan-an ẹ gbé dání, fóònù tó kú lálẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ sì gbádùn ara yín, Èkó December dùn.

Lọ́yà Ìkejà

Díẹ̀ lórí ọlọ́pàá. Kí wọ́n ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti físà lórí fóònù àti lórí bébà. Tí wọ́n bá dá wọn dúró, kí wọ́n tan iná inú mọ́tò, kí wọ́n kí wọn, kí ọwọ́ wọn hàn, kí wọ́n má pariwo. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ti sọ ọ́ léraléra pé kí wọ́n má máa yẹ fóònù èèyàn wò lójú títì, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì pe àgbà kan sórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ya ọlọ́pàá tàbí ṣójà ní fọ́tò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ mi: nígbà tí wọ́n bá ń padà, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ì báà ṣe ẹ̀gúsí, ì báà ṣe ẹbí ló fún wọn. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì wọn, ọwọ́ ara wọn ni kí wọ́n fi dì í, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ò ní bi ẹni tó fún wọn, ẹni tó gbé e ni wọ́n máa mú.

Ìyáwó Pọ́tónóvò

Tí wọ́n bá ń gbèrò láti gba Sẹ̀mẹ̀ wá kí wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, káàdì yẹ́lò yẹn kó wà lọ́wọ́, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀ ní bọ́dà. Kí ọ̀rẹ́ òyìnbó sì rí i pé físà Nàìjíríà tóun gbà lè mú òun wọlé padà lẹ́ẹ̀kejì kó tó sọdá.

Dókítà Pàjáwìrì

Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó, 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú méjèèjì. Àmọ́ ẹ má gbójú lé áḿbúláǹsì nìkan nínú họ́ldọ́ọ̀pù, mọ́tò yín lè yá jù ú lọ. Ẹ ti mọ ọsibítù tẹ́ ẹ máa sáré lọ kí wọ́n tó dé: láti Ẹgbẹ́dá, LASUTH ní Ìkejà ò jìnnà. Tí wọ́n bá kọjá sí Lẹ́kí, kí wọ́n mọ èyí tó súnmọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé gan-an, kí wọ́n bi ẹni tó ni ilé. Ọ̀pọ̀ ọsibítù aládàáni máa béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, ìdí nìyẹn tí ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò fi ṣe pàtàkì, kí wọ́n rà á kí wọ́n tó gbéra kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tí ìbọn bá bà, òfin 2017 sọ ọ́ pé ọsibítù gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀ láì béèrè ìwé ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín padà. Irú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn tí ara wọn ò gbà, nọ́ńbà yín Àǹtí, kí gbogbo ẹ̀ wà lórí bébà kékeré nínú pọ́ọ̀sì. Ajá tó bá gé wọn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ ajá dìgbòlugi lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àǹtí Ẹgbẹ́dá

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, ó kà á, ti nọ́ọ̀sì ló mú un jù, ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn bíi tòun ló ń ṣàìsàn jù. Ó ti fẹ́ lọ rí apòògùn lọ́sẹ̀ yìí. Ó wá bi mí pé ṣé òun ò lè dé Èkó kóun tó ra Malarone torí ó lè dínwó níbí, àti pé mélòó lòun máa rà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi. Kó má dúró di Èkó o, ó ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó wọ bàálù, yàtọ̀ sí pé wíwá ojúlówó ẹ̀ kiri pẹ̀lú ẹrù lórí ò dáa. Kó béèrè atovaquone-proguanil láì dárúkọ Malarone, oògùn kan náà ni, ó máa ń dínwó. Ìṣirò ẹ̀: ọjọ́ méjì ṣáájú, ọjọ́ mọ́kànlélógún l'Ékòó, ọjọ́ méje lẹ́yìn àbọ̀, 30 nìyẹn. Kó fi í sínú báàgì ọwọ́, kó má fi sínú èyí tó máa lọ sábẹ́ ọkọ̀, báàgì máa ń sọnù. Àkókò kan náà ni kó máa lò ó lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tó bá sì bì í jáde láàárín wákàtí kan, kó lo òmíràn. Kó ra méjì mẹ́ta lé e torí ìyẹn.